Ìjánu Àti Pàṣán: Ẹ̀kọ́ Tí Ẹṣin Kọ́ Wa Nípa Ìwà Pẹ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ènìyàn, tó sì tẹrí ẹranko ba fún un láti máa gùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Kókó ọ̀rọ̀ wa nínú oṣù yìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ẹṣin ni. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan Àrá kan ẹṣin, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kadà ni a ń gùn lọ sí Èjìgbò? Òótọ́ ni pé ẹṣin kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ló sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, a sì rí i pé ẹṣin fúnra rẹ̀ lè di òwe fún wa. Ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn ń gbà kọ́ ẹṣin tó fẹ́ máa gùn. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà líle, èkejì jẹ́ ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Èwo nínú méjèèjì ni Ìsìláàmù fi ọwọ́ sí? Kí sì ni ìdáhùn náà ń sọ fún àwa tí a ń tọ́ ọmọ, tí a ń kọ́ni ní kéwú, tí a sì ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́?

IPÒ ẸṢIN NÍNÚ ÌSÌLÁÀMÙ ÀTI NÍLẸ̀ WA

Ẹṣin kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ nínú ẹ̀sìn wa. Ọlọ́hun fi ẹṣin tó ń sáré tó ń mí hẹlẹ búra ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Aadiyaat, èyí tí í ṣe súrà 100. Nínú Súrà An-Nahl, áyà 8, Ó ka ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ oore tí Ó ṣe fún wa, kí a lè máa gùn wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ fún wa. Jarir ọmọ Abdullah ròyìn, nínú Sahih Muslim, pé òun rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) níbi tó ti ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ yí irun iwájú orí ẹṣin kan, tó ń sọ fún wọn pé oore wà ní síso mọ́ irun náà títí di ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, ẹṣin ní ìtàn. Ẹṣin wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di alágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti òkè ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí inú igbó, eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse a máa kó àìsàn ran ẹṣin, a sì máa pa á. Ìdí nìyí tí ẹṣin kò fi gbilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa yìí, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin tó gbójú lé ẹṣin. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹlẹ́ṣin lè lọ sí Ìlọrin ní àsìkò Iléyá, tàbí kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá níbi Ojúde Ọba, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn.

Ẹni tó bá dúró wòran níbẹ̀ yóò rí ẹṣin tó ń jó sí ìlù, tó ń tẹrí ba. Kò ní rí oṣù àti ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ. Níbẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀NÀ LÍLE

Àwọn kan gbà pé bí a kò bá ṣẹ́ ẹṣin lọ́kàn, kò ní gbọ́ tiwa. Wọn a so ó mọ́lẹ̀, wọn a fi ebi àti òùngbẹ dá a lágara, ẹni kan a sì fò gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ta wọ́n dànù, pàṣán ni. Bó bá dúró, kẹ́sẹ́ ni wọn yóò fi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn a fi ìjánu onírin líle sí i lẹ́nu, wọn a sì fà á tagbára tagbára títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dà pọ̀ mọ́ itọ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá rẹ ẹṣin náà, tó dúró gbagidi, wọn a ní ó ti gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin náà ní tòótọ́. Láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn ẹṣin, àyè kan wà tí kò sí eyín. Ibẹ̀ ni ìjánu máa ń wà. Ẹran tó bo egungun ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń mọ ìrora gan-an. Ẹṣin tí a ń fà lẹ́nu lójoojúmọ́, ọgbẹ́ rẹ̀ á jinná, á tún dá, títí ibẹ̀ yóò fi yigbì. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ á kú. Ẹni tó gùn ún á fà, kò ní gbọ́. Á wá fi ìjánu tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa bá a lọ títí kò fi ní sí ìjánu kankan tó lè dá ẹṣin náà dúró mọ́.

Ohun kejì ni pé ẹran tó ń sá fún ẹran apẹranjẹ ni ẹṣin. Bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí kó lè máa rí ọ̀tún àti òsì, etí rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí eṣinṣin bá sì bà lé e lára, ó ń mọ̀. Ẹ̀rù kò lè kọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní nǹkan mìíràn ju sísá lọ. Bí kò bá rí àyè sá, á dúró, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti sá. Lọ́jọ́ tó bá rí àyè, àgàgà lójú ogun tàbí láàárín èrò, á ta ẹni tó gùn ún sílẹ̀.

Ọ̀NÀ PẸ̀LẸ́

Ẹni tó mọ ẹṣin kì í gba iwájú gan-an tàbí ẹ̀yìn gan-an sún mọ́ ọn, nítorí ẹṣin kì í rí ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà, yóò máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹṣin lè mọ̀ pé òun ń bọ̀. Yóò jẹ́ kó gbóòórùn ọwọ́ òun. Yóò fi ọwọ́ pa á lọ́rùn. Okùn ni yóò kọ́kọ́ fi sí i lórí, kì í ṣe irin. Ó lè jẹ́ aṣọ ni yóò gbé lé e lẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà gàárì, lẹ́yìn náà ìwúwo ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Kò ní yára gun ọmọ ẹṣin tí kò tíì dàgbà, nítorí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbó tán kó tó di ọmọ ọdún 5 tàbí 6.

Àṣírí tó tóbi jù níbẹ̀ nìyí: bó bá fẹ́ kí ẹṣin yà sí ọ̀tún, yóò fa okùn náà díẹ̀. Ní kété tí ẹṣin bá yà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dẹ okùn náà. Dídẹ okùn yẹn ni ẹ̀san ẹṣin. Ohun ló ń sọ fún un pé ohun tó ṣe yẹn gan-an ni a fẹ́. Ẹni tó bá ń fà tí kò dẹ̀, tí ẹṣin gbọ́ tirẹ̀ tí kò sì gba ìsinmi, kò kọ́ ẹṣin ní nǹkan kan bí kò ṣe pé ìgbọràn kò ní èrè.

Kì í ṣe ọgbọ́n òní. Ní nǹkan bí ọdún 350 kí wọ́n tó bí Ànábì Isa, jagunjagun ará Gíríìsì kan tó ń jẹ́ Xenophon kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú kojú ẹṣin. Ní Baghdad, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, Ibn Akhi Hizam, ẹni tó ń bójú tó ẹṣin ààfin àwọn kálífà Abbasid, kọ ìwé lórí bí a ṣe ń gun ẹṣin, bí a ṣe ń kọ́ ọ àti bí a ṣe ń wò ó sàn. Ìmọ̀ yìí ni àwọn Mùsùlùmí ń pè ní furuusiyya, ìmọ̀ ńlá sì ni láàárín wọn.

OHUN TÍ ÒJÍṢẸ́ ỌLỌ́HUN ṢE

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tí Ọlọ́hun fi ṣe àwòkọ́ṣe fún wa.

Àkọ́kọ́: ó wà nínú Sahih Muslim pé Ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gun ràkúnmí kan tó lágídí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á síwá sẹ́yìn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) sì gbà á nímọ̀ràn pé kó fi pẹ̀lẹ́ ṣe é. Ó là á yé wa pé ohunkóhun tí ìwà pẹ̀lẹ́ bá wọ̀, ẹwà ló ń fún un, ohunkóhun tí a bá sì yọ pẹ̀lẹ́ kúrò nínú rẹ̀, àbùkù ló ń kàn án. Ẹ kíyè sí i pé ẹran tó lágídí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ti gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ nìkan ni pẹ̀lẹ́ wà fún. Ẹni tó lágídí gan-an ló nílò rẹ̀.

Èkejì: Ibn Umar ròyìn, nínú Bukhari, pé Ànábì (S.A.W.) ṣètò eré ẹṣin ní Mẹ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti bọ́, tí wọ́n sì ti fi eré sísá kọ́ títí ara wọn fi le, sáré láti Al-Hafya títí dé Thaniyyatul-Wadaa, èyí tó tó máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí wọn kò tíì kọ́ bẹ́ẹ̀ sáré láti Thaniyya dé mọ́sáláṣí Banu Zurayq, èyí tí kò ju nǹkan bí máìlì 1 lọ. Ẹ ò rí i pé kò fi ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí? Ẹni tí kò tíì tó máìlì 6 í sá, a kì í nà án pé kò sá a. Máìlì 1 ni a ń fún un.

Ẹ̀kẹta: Jarir tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣàlàyé fún Ànábì pé òun kò lè jókòó dúró lórí ẹṣin. Ọkùnrin ni, ogun sì wà níwájú. Ṣé Ànábì fi ṣe yẹ̀yẹ́? Rárá o. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lu àyà rẹ̀, ó sì ṣe àdúà fún un kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Jarir kò jábọ́ lórí ẹṣin mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún jẹ́rìí pé láti ìgbà tí òun ti gba Ìsìláàmù, Ànábì kò rí òun rí láì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun.

Ẹ̀kẹrin: Abu Dawud gbà á wá pé Ànábì wọ ọgbà ọkùnrin Ansaari kan, ó bá ràkúnmí kan níbẹ̀. Bí ràkúnmí náà ṣe rí i, ó kérora, omijé sì dà lójú rẹ̀. Ànábì fi ọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tó ni í, ó sì kìlọ̀ fún un kó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí ẹran náà ti fi ẹjọ́ sùn pé ó ń fi ebi pa òun, ó sì ń lo òun ní ìlòkulò.

Bó bá jẹ́ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹranko rí, kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ ènìyàn?

ỌMỌ KÉWÚ ÀTI PÀṢÁN

Àwa náà wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, nítorí náà ilé wa ni a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù yìí. Pàṣán wà lára ògiri ilé-kéwú púpọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé pàṣán ni ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ alifu. Ọmọ gbàgbé áyà, pàṣán. Ọmọ pẹ́ dé, pàṣán. Ọmọ ń tòògbé nítorí pé oko ni ó ti ń bọ̀, pàṣán náà ni.

Ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ ní gbangba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní ìlú Kàdúná, ilé tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ Àlùkùránì àti ilé àtúnwàṣe. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé àti àgbà ni wọ́n bá níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún kó ènìyàn 259 jáde ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjòó, ní Ìbàdàn. Ojú tì wá nígbà tí a gbọ́. Ẹ̀sìn tí Ànábì rẹ̀ nu omijé ràkúnmí nù ni wọ́n dárúkọ mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé: "Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ àwa náà, a sì mọ kéwú." A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ló ń jẹ́rìí yìí. Ẹni tó sá lọ kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Mélòó ló fi kéwú sílẹ̀ ní ìdajì, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn àlùfáà mọ́ títí dòní? Nínú Súrà Aal Imraan, áyà 159, Ọlọ́hun fi yé Ànábì Rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé ó le, tí ọkàn rẹ̀ sì yigbì ni, àwọn ènìyàn ì bá ti túká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá lè túká kúrò lọ́dọ̀ Ànábì nítorí líle, ta ni àwa?

Àwọn mìíràn á mú hádíìsì Abu Dawud wá, èyí tó ní kí a pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọdún 7, kí a sì nà án lé e lórí ní ọdún 10. Hádíìsì náà wà, a kò sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọdún 3 ló wà láàárín 7 àti 10. Ìrun 5 lójúmọ́, nínú ọdún Hijra tó ní nǹkan bí ọjọ́ 354, jẹ́ ìpè tó lé ní 5,300. Ta ni nínú wa tó ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe ọmọ rẹ̀ sí ìrun nígbà 5,300 kó tó na ọwọ́ mú ẹgba? Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé nínà náà kò gbọ́dọ̀ dá ọgbẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú.

Ibn Khaldun, nínú Muqaddima rẹ̀ tó kọ ní ọdún 1377, ya abala kan sọ́tọ̀ láti fi hàn pé líle koko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń bà á jẹ́. Ó ṣàlàyé pé ọmọ tí a fi ipá tọ́ á di ọ̀lẹ, á kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, títí ìyẹn yóò fi di ìwà rẹ̀. Ẹ rántí ẹnu ẹṣin tó kú. Bákan náà ni ọmọ tí ẹgba ti mọ́ lára. Ìwọ ń nà án, òun ń wò ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àgbègbè wa gan-an. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ló ń ṣòwò ní Àbíjàn àti káàkiri ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì fi ọmọ wọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àlùfáà. Bí wọ́n bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà, ta ni yóò fi ẹjọ́ sùn? Ràkúnmí yẹn rí Ànábì sunkún sí. Ẹni tí ọmọ yìí ní ni Ọlọ́hun, Ọlọ́hun sì ń gbọ́. Abu Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ń fi pàṣán na ẹrú rẹ̀ nígbà kan, ó sì gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yíjú, Ànábì ni. Ó ń rán an létí pé agbára tí Ọlọ́hun ní lórí rẹ̀ ju èyí tó ní lórí ẹrú náà lọ. Lójú ẹsẹ̀ ló dá ẹrú náà sílẹ̀ lómìnira.

ÌJÁNU KÒ GBỌ́DỌ̀ SỌNÙ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Ẹṣin tí kò ní ìjánu, inú kòtò ló ń gbé ẹni tó gùn ún lọ. Ẹni tó ń fi pẹ̀lẹ́ kọ́ ẹṣin kò sọ okùn náà nù, ó kàn mọ ìgbà tó yẹ kí ó fà á àti ìgbà tó yẹ kí ó dẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ló wà nínú òwe náà. Àwọn kan nínú wa ti sọ ọ̀tún nù.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan mélòó kan lọ sílé:

1. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní kéwú tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ ìwé, bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni okùn tí a dẹ̀. Bó bá kùnà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá máìlì 6 ni ẹ fún ẹni tó yẹ kó sá máìlì 1.

2. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ-iṣẹ́, yálà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni o tàbí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má ṣe bá ọmọ wí nígbà tí inú ń bí yín. Ẹ jẹ́ kí ìbínú rọlẹ̀ kí ẹ tó lanu. Anas sin Ànábì fún ọdún 10, kò gbọ́ ṣíọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

3. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ọ̀nà tí ẹ ń gbà bá àbúrò yín wí lónìí ni ẹ ó gbà bá ọmọ yín wí lọ́la. Ẹ kọ́ pẹ̀lẹ́ nísinsìnyí.

4. Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù fún ojúgbà yín tó ń ta tẹ́tẹ́ tàbí tó ń mu igbó, ẹ rántí pé nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Musa àti Haruna sí Firiaona, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ní kí wọ́n bá a sọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Súrà Taha, áyà 44. Ojúgbà yín kò burú tó Firiaona, ẹ̀yin náà kò sì dára tó Musa.

Ní ìparí, ẹ wo àdúà tí Àlùkùránì kọ́ wa láti máa ṣe bí a bá gun ohun ìgùn, nínú Súrà Az-Zukhruf, áyà 13 àti 14. Ohun tí a ń jẹ́wọ́ níbẹ̀ ni pé agbára wa kọ́ ló ká ohun tí a gùn náà, àti pé ọ̀dọ̀ Olúwa wa ni a ó padà sí. Ẹṣin wúwo ju ènìyàn 4 lọ. Bó bá pinnu pé òun kò gbà, kò sí pàṣán tó ká a. Ọlọ́hun ló rọ̀ ọ́ fún wa. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa náà, Ọlọ́hun ló fi sí i. Bí a bá gun ẹṣin, ilẹ̀ là ń bọ̀, a ó sì jíhìn.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú fi pẹ̀lẹ́ sí wa lọ́kàn, lọ́wọ́ àti lẹ́nu. Kí Ó ṣí ọkàn àwọn ọmọ wa sí ìmọ̀ Àlùkùránì láìsí ẹ̀rù ènìyàn níbẹ̀. Kí Ó tu àwọn tí wọ́n ti fi líle lé jìnnà sí ẹ̀sìn nínú, kí Ó sì dá wọn padà. Kí Ó dárí jin àwọn olùkọ́ wa láyé àti lọ́run, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà lábẹ́ wa fi ẹjọ́ wa sùn lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Aamin.